Ohun tó wà láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan wọ kíláàsì wa pẹ̀lú apá ọ̀tún tí wọ́n fi igi àti aṣọ dì. Ìyá náà ń ta gàrí. Ó ti ń bá wa kọ́ ìwé láti bí oṣù méje. Nínú gbogbo àwọn obìnrin kíláàsì wa, òun ló kọ́kọ́ mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ó jókòó sí ipò rẹ̀, ó gbé ìwé lé ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì mú bírò, kò lè kọ nǹkan kan. Gbogbo wa kí i pé: «Ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire.» Ó dá wa lóhùn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní:

«Olùkọ́, ẹ̀ ń kọ́ wa bí a ṣe ń wọn àgbàdo, ẹ̀ ń kọ́ wa bí a ṣe ń ṣírò owó. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ mi ní ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ṣẹ́ mi lápá yìí?»

Mi ò lè dáhùn. Ojú tì mí fún ìdí méjì. Èkíní, mi ò mọ̀ ọ́n. Èkejì, ọkọ̀ tí ìyá ń wí yìí, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ó gùn díẹ̀. Ẹ lè kà á ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń wa Peugeot 504 àtijọ́ kan, irú èyí tó gùn lẹ́yìn, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ náà dàgbà jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ọkọ̀ púpọ̀. Lórí tẹlifóònù rẹ̀, ó máa ń wo àwọn ọkọ̀ ìje tó wà lókè òkun. Àwọn ọkọ̀ náà pẹlẹbẹ, ikùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, wọ́n sì máa ń fi eré yí kọ́nà láì fì sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Ẹnì kan ní gáréèjì sọ fún un pé kò sí àṣírí kan níbẹ̀: wọ́n gé rẹsọ́ọ̀ wọn kúrú ni. Rẹsọ́ọ̀ ni irin tó ká roboto bí ejò, tó wà níbi ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní sípíríǹgì. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́. Ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń jó irin, wọ́n gé òrùka méjì kúrò nínú rẹsọ́ọ̀ iwájú ní ọ̀tún, wọ́n gé méjì kúrò nínú ti òsì. Imú ọkọ̀ wálẹ̀. Ó dára lójú rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ òun ti di ọkọ̀ ìje.

Ní ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ kún. Èèyàn mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀, àpò gàrí àti àpò àgbàdo wà lẹ́yìn, ewúrẹ́ méjì wà lórí rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti yí kí a tó dé afárá, kòtò kan wà tí gbogbo wa mọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú bọ́ sínú kòtò náà. Wọ́n gbọ́ «gbì!» bí ìgbà tí a fi òòlù lu irin. Iwájú ọkọ̀ fò sókè. Ẹ̀gbọ́n mi yí ìdarí, ọkọ̀ kò yí. Tààrà ló lọ sínú igbó.

A dúpẹ́, ẹ̀mí kankan kò bọ́. Ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni apá rẹ̀ ṣẹ́.

Nílé wa, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Mi ò bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà, mo sì rí nǹkan méjì. Rọ́bà tó yẹ kó máa gba irin sílẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́. Òróró sì ti ṣàn sí ara irin gígùn kan tó wà láàárín rẹsọ́ọ̀, erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Mo lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Pọ́bẹ̀. Bàbá àgbàlagbà ni, inú 504 ló dàgbà sí.

Orúnkún ọkọ̀

Mo kí i, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ní: «Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ rẹsọ́ọ̀?»

Kò dá mi lóhùn kíákíá. Ó nawọ́ sí obìnrin kan tó ń ru omi bọ̀ láti ìdí kànga. Ó ní: «Wo ìyàwó yẹn. Ilẹ̀ ibí yìí kò tẹ́jú, àbí? Omi rẹ̀ kò sì dà. Orúnkún rẹ̀ ló ń ṣẹ́ tó ń nà. Kí ó gan orúnkún rẹ̀ kó máa rìn bí igi, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni omi yóò ti dà. Rẹsọ́ọ̀ ni orúnkún ọkọ̀.»

Ó mú rẹsọ́ọ̀ ògbólógbòó kan, ó ní kí n jókòó lé e. Ó wálẹ̀ díẹ̀. Mo dìde, ó padà sókè. Bàbá ní: «Ohun tí o bá fi sínú rẹ̀ ni yóò dá padà. Tí kòtò bá ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè, rẹsọ́ọ̀ yóò gbà á mọ́ra, ṣùgbọ́n yóò tún tì í padà sísàlẹ̀, yóò tún gbà á, yóò tún tì í. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ yóò máa jó bí bọ́ọ̀lù títí tí yóò fi dé Àjàṣẹ́.»

Ẹni tó ń mú ijó yẹn dúró ni irin gígùn tí mo rí òróró lára rẹ̀. Àwọn awakọ̀ wa ń pè é ní amọtísẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà, ṣọ́ọ̀kì ni. Nínú irú 504 ti ẹ̀gbọ́n mi, àárín rẹsọ́ọ̀ ló dúró sí níwájú. Ó dà bí póòmpù kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n òróró ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá kan wọ inú rẹ̀, orí ọ̀pá náà ní ihò wẹ́wẹ́. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń lọ sókè sódò, orí ọ̀pá ń ti òróró gba inú ihò wọ̀nyẹn kọjá. Òróró kì í tètè kọjá níbi tó há. Ìdí nìyẹn tí fífò rẹsọ́ọ̀ fi ń rọlẹ̀.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ mú póòmpù kẹ̀kẹ́, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ihò díẹ̀ kù, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ yín kò ní lè yá mọ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, póòmpù yóò gbóná. Amọtísẹ̀ náà ń gbóná bẹ́ẹ̀. Agbára tó wà nínú fífò ọkọ̀, inú ooru ló ń parí sí.

Bàbá wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ sínú ìwé mi. Ó ní gbogbo ohun tí awakọ̀ ń ṣe, ibi mẹ́rin péré ló ti ń ṣe é, ìyẹn ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kan ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó bí àtẹ́lẹwọ́. Tí táyà bá fò kúrò nílẹ̀, ìjánu kò lè mú ọkọ̀ dúró, ìdarí kò lè yí i. Ẹsẹ̀ tó ń fò ti di ẹsẹ̀ tí kò sí.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbi yìí díẹ̀. Kí ẹnì kan nínú yín fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹsọ́ọ̀ àti amọtísẹ̀ kí ẹ tó máa kà lọ.

Àwọn ọkọ̀ tó pẹlẹbẹ

Ǹjẹ́ irọ́ wá ni ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rí lórí tẹlifóònù? Kì í ṣe irọ́. Ó rí iwájú ọ̀rọ̀, kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ ni.

Ní ìlú Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ti ń sá ìje ọkọ̀ tó ń gba wákàtí 24 láti ọdún 1923. Ilẹ̀ tí wọ́n ń sá a lé lórí tẹ́jú, ọ̀dà dídán ni wọ́n tẹ́ sí i. Ọkọ̀ tó bá fi eré ńlá yí kọ́nà, ìwúwo rẹ̀ máa ń lọ sórí ẹsẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: tí táksí bá yí lójijì, gbogbo yín á fì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó wà níbi ilẹ̀kùn ni yóò jìyà rẹ̀. Bí ara ọkọ̀ bá fì jù, táyà yóò fi ẹ̀gbẹ́ tẹ ilẹ̀ dípò kó fi àyà tẹ̀ ẹ́, kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi rẹsọ́ọ̀ tó le sí i. Wọ́n tún ń mú ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀, nítorí ẹrù tó wà nísàlẹ̀ kì í tètè dojú dé. Ẹni tó gbé ẹrù sí ìbàdí kì í fì bí ẹni tó gbé e sórí.

Ṣùgbọ́n wọn kì í fi rẹsọ́ọ̀ nìkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rẹsọ́ọ̀ tó bá le máa ń ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà pẹ̀lú agbára, nítorí náà amọtísẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ le tó láti mú un. Ọ̀pá irin kan tún wà tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì, kí ara ọkọ̀ má baà fì. Ìyẹn náà, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni. Táyà wọn kì í ṣe irú tiwa. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi ayùn gé rẹsọ́ọ̀ rárá. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe ní kúkúrú, tí wọ́n sì wọn agbára rẹ̀, ni yóò rà.

Lékè gbogbo rẹ̀, kò sí kòtò ní Le Mans.

Ìje ti Áfíríkà

Nígbà tí Bàbá gbọ́ «ọkọ̀ ìje» lẹ́nu mi, ojú rẹ̀ là. Ó ní: «Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ̀ ń wo Le Mans. Ṣé ẹ ò gbọ́ nípa Safari ni?» Ó ní nígbà tí òun wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, orí rédíò ni àwọn ti máa ń gbọ́ ọ, ọ̀gá àwọn á sì dá iṣẹ́ dúró.

Safari jẹ́ ìje ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1953. Láyé ìgbà yẹn, nǹkan bí 5.000 kìlómítà ni wọ́n ń rìn, ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà ni wọ́n sì ń gbà: ilẹ̀ pupa, òkúta, ẹrẹ̀, odò tó kún. Ní ọdún 1963, ọkọ̀ 84 ló jáde. Ọkọ̀ 7 péré ló dé ilé. Peugeot 404 ló ṣíwájú wọn. Peugeot 404 tún gbà á ní 1966, ní 1967 àti ní 1968. Ní 1975, Ove Andersson, ará Súwídìn, fi Peugeot 504 gbà á. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi 504 Coupé gbà á.

Coupé yìí, ọkọ̀ eré gan-an ni. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ló ya bí ara rẹ̀ yóò ṣe rí. Àbúrò ni ó jẹ́ fún 504 tó ń kó gàrí wa, àti fún 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna, ní Nàìjíríà, ní ọdún 1975. Ní ọdún 1978 yẹn kan náà, Nicolas tún fi Coupé gba ìje Bandama ní Kọtidifúà. Bandama kì í ṣe eré ọmọdé. Ní 1972, kò sí ọkọ̀ kankan tó parí ìje náà. Ẹyọ kan ṣoṣo, kò sí!

Mo bi Bàbá pé: «Ṣé wọ́n gé rẹsọ́ọ̀ Coupé yẹn ni?»

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. «Kí wọ́n gé e, kó wá rí kí? Kó wọ ẹrẹ̀?»

Ọkọ̀ tó bá fẹ́ sá irú ìje bẹ́ẹ̀, òkè ni wọ́n ń gbé e sí. Rẹsọ́ọ̀ rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ó ní ààyè gígùn láti lọ sókè àti sísàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ lé kòtò kó sì jáde láì gbá rọ́bà. Wọ́n ń fi páálí irin tó nípọn sábẹ́ ẹ̀ńjìnnì. Amọtísẹ̀ sì ni wọ́n ń náwó lé lórí jù. Ẹ mọ ọ̀nà ilẹ̀ pupa wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó máa ń ṣe bíi páánù orí ilé. Lórí irú ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń lọ sókè sódò láìmọye ìgbà nínú ìṣẹ́jú kan. Amọtísẹ̀ á gbóná. Òróró rẹ̀ á ki díẹ̀díẹ̀ mọ́, á ṣàn bí omi, afẹ́fẹ́ á dà pọ̀ mọ́ ọn, á wá máa hó bí ọṣẹ. Òróró tó ń hó kò lè mú nǹkan kan dúró. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Christian Bourcier de Carbon, ló wá ọ̀nà sí i láàárín ọdún 1950 sí 1960: ó fi gáàsì tí wọ́n tì mọ́ inú rẹ̀ tẹ òróró náà, kó má baà hó. Títí di òní olónìí, àwọn ọkọ̀ ìje ń lo irú rẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń ní amọtísẹ̀ méjì ní ẹsẹ̀ kan.

Safari ṣì wà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìje àgbáyé lẹ́yìn ọdún 2002, ó sì padà wọ̀ ọ́ ní 2021, ní Kenya.

Ẹni tó fẹ́ méjèèjì

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sá ìje. Ọ̀nà ọjà ló ń lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ọkọ̀ òun dára ní kọ́nà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó pọ̀ lókè òkun, àwọn tó fẹ́ ọkọ̀ kan náà fún ọ̀nà àti fún ìje. Ní Jámánì, ibì kan wà tó ń jẹ́ Nürburgring, wọ́n ṣí i ní ọdún 1927. Ọ̀nà ìje rẹ̀ àtijọ́ gùn ju 20 kìlómítà lọ, ó gba inú òkè àti igbó. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni lè san owó kó wa ọkọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Onítọ̀hún á sá eré rẹ̀ tán, á wa ọkọ̀ kan náà lọ sílé, á sì fi lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà láàárín méjì. Tó bá mú rẹsọ́ọ̀ le jù, lórí ọ̀nà tí kò tẹ́jú, táyà yóò máa fò. Yóò lọ́ra ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀yìn á sì máa dùn ún. Tó bá fi í rọ̀ jù, ọkọ̀ á fì ní kọ́nà. Kò lè rí gbogbo rẹ̀ gbà. Díẹ̀ ni yóò gbà níhìn-ín, díẹ̀ ni yóò fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni ibi tí àwọn tó gbọ́n nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi fífi nǹkan tuntun kún un. Ohun tó ti gbó ni wọ́n kọ́kọ́ ń pààrọ̀: táyà, rọ́bà ibi tí irin ti pàdé irin, amọtísẹ̀ tó ti rẹ̀. Ọkọ̀ ogún ọdún tí wọ́n bá dá padà sí bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ tuntun, ó lè dùn ún wà débi pé olówó rẹ̀ kò ní wá nǹkan mìíràn mọ́. Lẹ́yìn náà, tó bá ṣì fẹ́, yóò ra rẹsọ́ọ̀ tó le díẹ̀ pẹ̀lú amọtísẹ̀ tó bá a mu. Amọtísẹ̀ kan wà tó ní bọ́tìnì kékeré lórí: tí o bá yí i, ihò inú rẹ̀ yóò há sí i tàbí kó là sí i. Ní ọ̀nà ìje, wọn á yí i le. Kí wọ́n tó padà sílé, wọn á yí i rọ̀.

Wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀! Ìwé kékeré kan wà nínú ọkọ̀ wọn. Iye ìgbà tí wọ́n yí bọ́tìnì, iye afẹ́fẹ́ táyà, bí ọkọ̀ ṣe ṣe ní kọ́nà. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí lẹ́ẹ̀kan, wọn á wà á wò, wọn á kọ ọ́. Tí wọ́n bá yí mẹ́ta pọ̀, wọn kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìwé, ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí mo gbọ́ èyí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Kí ló wá ṣe ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi gan-an? Ẹ mú bírò yín.

Ká sọ pé rẹsọ́ọ̀ kan ní òrùka 8 tó ń ṣiṣẹ́. Tí ẹrù 200 kìlò bá gun orí rẹ̀, ó fi sẹ̀ǹtímítà 8 wálẹ̀. Òrùka kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1. Kó tó lè wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, 200 ÷ 8 = 25 kìlò ló ń gbà.

A gé òrùka 2. Ó ku 6. Ẹrù 200 kìlò yẹn kan náà gun orí rẹ̀. Òrùka 6 ni yóò wálẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 6. Kó tó lè wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, 200 ÷ 6 = kìlò 33 àti díẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Rẹsọ́ọ̀ tí a gé kò kúrú nìkan, ó tún le sí i. Ẹni tó gé e rò pé nǹkan kan lòun ṣe, méjì ló ṣe.

Ẹ̀wẹ̀, ká sọ pé sẹ̀ǹtímítà 9 ló wà láàárín irin àti rọ́bà kí wọ́n tó gé e. Imú ọkọ̀ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ó ku 4. Èèyàn mẹ́sàn-án wọlé, gàrí wọlé, ó ku 2. Kòtò tó wà níbi afárá jin ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, gbogbo wa mọ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbá rọ́bà, rọ́bà fọ́, irin lu irin. Orúnkún kò sí mọ́. Iwájú ọkọ̀ fò. Amọtísẹ̀ tó yẹ kó dá fífò yẹn dúró ti jo òróró rẹ̀ tán. Táyà kò kan ilẹ̀ ní àsìkò tí ẹ̀gbọ́n mi ń yí ìdarí.

Bàbá tún fi nǹkan kan hàn mí. Wọ́n ti tẹ orí rẹsọ́ọ̀ pẹlẹbẹ láti ilé iṣẹ́ kó lè jókòó dáadáa. Ibi tí wọ́n gé ti di ṣóńṣó, kò lè jókòó. Iná tí wọ́n sì fi gé e ti ba irin ibẹ̀ jẹ́. Irin rẹsọ́ọ̀, iná ló fún un ní agbára, iná náà ló lè gbà á padà.

Kí n má gbàgbé: àwọn awakọ̀ bàṣé wa, tí ọkọ̀ wọn ń lo irin pẹlẹbẹ tó tò léra lẹ́yìn, máa ń fi irin kún un kó lè ru ẹrù sí i. Àṣìṣe kan náà ni, ọ̀nà mìíràn ló gbà wọlé. Tí ẹrù bá wà, ó dúró. Tí ọkọ̀ bá ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa fò bí ẹṣin. Ìjánu rẹ̀ kò sì lágbára sí i nítorí pé irin rẹ̀ pọ̀ sí i.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí

Àwọn àgbà ilé pe ẹ̀gbọ́n mi. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní kòtò ló jẹ̀bi. Nígbà tí mo ka ìṣirò yìí fún un, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó ta ẹ̀rọ orin tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wá rẹsọ́ọ̀ 504 tí wọn kò gé lọ sí Kútọnu, ó sì ra amọtísẹ̀ tuntun méjì. Bàbá ti kìlọ̀ fún un pé wọn kì í pààrọ̀ ẹyọ kan: ọ̀tún àti òsì ni wọ́n jọ ń pààrọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á máa fì sí ibì kan. Àwọn àgbà ní kó san owó ẹni tó ń to eegun, kó sì máa gbé ẹrù ìyá lọ sọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́ títí apá rẹ̀ yóò fi san.

Ìyá gba ẹrù. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ ọkọ̀ náà. Ọjọ́ ọjà méjì kọjá, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn, gàrí rẹ̀ ń gun mọ́tò lọ ṣíwájú.

Ní ọjọ́ ọjà kẹta, ó wá sí gáréèjì. Mo ti ka ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì nígbà náà. Ó lọ síwájú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ òsì tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, ó sì fi í sílẹ̀ lójijì. Ọkọ̀ gòkè, ó wálẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Ó bọ́ sí igun kejì, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó ń wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ìyá tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo amọtísẹ̀ bóyá òróró wà lára rẹ̀. Ó ní: «Ó ti yé mi.» Ó wọlé. Ó ní òun kò jókòó níbi ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ tẹ igun ọkọ̀ kan ní gáréèjì, kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀ ná. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tó gòkè tó sì wálẹ̀ kó tó dúró. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Tó bá jó ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, amọtísẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ kan lè dúró dáadáa kí amọtísẹ̀ rẹ̀ ṣì máa kú lọ: ẹ wo òróró lára rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ pa táyà bóyá ó jẹ níbì kan, tó wú níbì kan.

2. Rẹsọ́ọ̀ kan ní òrùka 10. Ẹrù 300 kìlò mú un wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Wọ́n gé òrùka 2. Sẹ̀ǹtímítà mélòó ni ẹrù náà yóò mú un wálẹ̀ báyìí? Kìlò mélòó ni sẹ̀ǹtímítà 1 yóò máa gbà?

3. Kí ló dé tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ Safari sókè, tí ti Le Mans sì wà nísàlẹ̀? Ẹ kọ ìlà mẹ́rin.

4. Ní ọdún 1963, ọkọ̀ mélòó ni kò dé ilé nínú Safari?